Awọ Itan Ni Wọ́n Ti Rí Àìsàn Tó Wà Nínú Ọpọlọ Bàbá Mi

Bàbá mi kì í kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Olùkọ́ ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú kí wọ́n tó wá sí London wá di awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì, wọ́n ra ìwé kan tí wọ́n ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójúmọ́ sí: ẹni tó pè wọ́n lórí fóònù, oúnjẹ tí wọ́n jẹ, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, iye owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Àmì ohùn máa ń pé lórí gbogbo gbólóhùn wọn bí ẹni pé alábòójútó ilé ìwé ṣì ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìparí oṣù Kejì, ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ṣí ìwé náà láti wá nọ́ńbà kan, mo sì rí i pé àwọn àmì ti ń jábọ́. Wọ́n kọ “ọkọ” níbi tó yẹ kí wọ́n kọ “ọkọ̀”. Ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, gbogbo àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ ti pòórá, ìlà tó gbẹ̀yìn sì fì sókè bíi ti ẹni tó ń tòògbé kọ̀wé. Mo rò pé ojú ni. Mo mú wọn lọ gba jígí ojú tuntun.

Kì í ṣe ojú. Ó gba oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà kí a tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ibi tí wọ́n sì ti rí i níkẹyìn kì í ṣe inú orí rárá: awọ itan tí kò ní egbò, tí kò wú, tí kò yún wọn ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àìsàn kan wà tí àwòrán kò lè dárúkọ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ fífà kò lè dárúkọ rẹ̀, tí omi ògóóró ẹ̀yìn kì í sábà lè dárúkọ rẹ̀, àfi kí a gé ẹran ara, kí a sì gé e kí oògùn tó bo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹran ara ni mo ń ṣe jẹun, ní ilé ìwòsàn kan tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti tọ́jú bàbá mi. Bí dókítà bá gé nǹkan lára aláìsàn, ọ̀dọ̀ wa ni ó ń bọ̀. A ó rì í sínú fọ́málínì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, a ó da ìda gbígbóná yí i ká kó lè le, a ó gé e pẹlẹbẹ débi pé èémí ẹnu lásán lè gbé e lọ, a ó sì rẹ ẹ́ sínú aró kí dókítà tó wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sì ti gbọ́ orúkọ àìsàn yìí kí ó tó wọ ilé wa. Intravascular large B-cell lymphoma ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan nínú ẹbí jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní lìmfómà ni, ṣùgbọ́n kò jọ àwọn ará ilé rẹ̀. Iye ẹni tó ń mú lọ́dún kò tó ẹnì kan nínú mílíọ̀nù kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá mi. Màmá mi ní kì í ṣe pé ó yọ̀ bọ́. Wọ́n ní bàbá mi ń wo ife náà bí ó ṣe ń tẹ̀, tíì ń dà sórí tábìlì, ọwọ́ kò sì gbọ́ràn láti gbé e dìde. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n wúwo lẹ́nu wọn. Áńbúláǹsì dé kíákíá, wọ́n ya àwòrán orí wọn, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ọpọlọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ MRI, tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, fi ojú àmì funfun mẹ́fà hàn, wọ́n kéré bí ẹ̀wà, wọ́n sì fọ́n káàkiri apá òsì àti apá ọ̀tún. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni, bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń ti inú ọkàn jáde tó sì ń fọ́n ká sókè. Wọ́n fún wọn ní ásípírìn, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ àyà wọn láti máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n sì yẹ òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn wò. Ọkàn mọ́, ọrùn mọ́. Ọwọ́ bọ̀ sípò lọ́jọ́ kẹta, a sì padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú.

Mi ò dá ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé rọpárọsẹ̀ ni lẹ́bi. Ẹni ọdún 71 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, tí àwòrán sì fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé hàn: rọpárọsẹ̀ ni ẹnikẹ́ni máa kọ́kọ́ pè é. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ náà. Èròjà kan tó ń jẹ́ LDH wà níbẹ̀, èyí tó máa ń ga sókè nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú tàbí tí ó bá ń pọ̀ ní kánmọ́kánmọ́. Ní ilé àyẹ̀wò tiwọn, kò yẹ kó kọjá 250. Ti bàbá mi jẹ́ 780. Ẹ̀jẹ̀ pupa wọn náà ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹnì kan fi ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò pàápàá kò béèrè, nítorí pé ọmọ ni mo jẹ́ ní yàrá yẹn, ọwọ́ bàbá mi ni mo ń wò.

Nínú oṣù Kẹrin, wọ́n dúró ní ibùdókọ̀ kan láàárín Peckham àti Camberwell, ojú ọ̀nà tí wọ́n ti wa bọ́ọ̀sì fún ọdún 26, wọn kò sì mọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí àwọn dúró sí láti lọ sílé. Ibà bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lálẹ́, òógùn á bo aṣọ, ilẹ̀ á mọ́, ara á tutù. Ṣòkòtò tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní ìdí. Ẹnì kan ládùúgbò sọ fún màmá mi pé arán ọjọ́ ogbó ni bàbá ń ṣe, pé kí wọ́n gba kámú. Àbúrò bàbá mi pè láti Ìjẹ̀bú pé ká má fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ilé ìwòsàn nìkan. Mi ò bínú sí wọn. Nígbà tí àwọn dókítà kò tíì ní orúkọ fún un, kí ni kí àwọn tó wà nílé wí?

Wọ́n tún ya MRI kejì ní ìparí oṣù Kẹrin. Nínú ojú àmì mẹ́fà àkọ́kọ́, mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, mẹ́jọ mìíràn sì ti jáde níbi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, títí kan ọ̀kan ní ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so pọ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibí yìí ló ti yẹ kí gbogbo wa dìde dúró. Rọpárọsẹ̀ gidi máa ń fi ojú àpá sílẹ̀, kì í ká ẹrù rẹ̀ kúrò níhìn-ín láti lọ tú u lọ́hùn-ún. Kì í sì í sábà kọlu ẹ̀gbẹ́ méjì ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà, léraléra, lára ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé tí ọkàn rẹ̀ sì mọ́.

Dókítà ọpọlọ tó gbà wọ́n lẹ́yìn náà rí èyí dáadáa. Ó ní òun ń fura sí wíwú òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti máa ń yíjú padà bá òpó ẹ̀jẹ̀ jà. Wọ́n fa omi láti ògóóró ẹ̀yìn: púrótéènì inú rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n wọn kò rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kankan. Wọ́n fi oògùn àwòrán sínú òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ láti rí bó ṣe rí: àwọn òpó ńláńlá dára. Bàbá mi ń rẹ̀ sí i lójoojúmọ́, nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń dá wíwú inú ara dúró, fún wọn láti inú iṣan, ní ìwọ̀n tó pọ̀ gan-an.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyanu ni. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi béèrè fún àmàlà. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n pe gbogbo àwọn ọmọ-ọmọ wọn lórúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Màmá mi lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì bá wọn jó dé iwájú pẹpẹ. Lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n sùn, a kò sì lè jí wọn dáadáa.

Sítẹ́rọ́ìdì máa ń pa sẹ́ẹ̀lì lìmfómà. Kì í pa á tán, ṣùgbọ́n ó máa ń dín in kù débi tí aláìsàn á fi dìde fún ìgbà díẹ̀, tí ẹran ara tí a bá sì gé ní àkókò náà á mọ́, bí ilé tí olè ti sá kúrò nínú rẹ̀ kí ọlọ́pàá tó wọlé. Nígbà míì, kò sí ọgbọ́n mìíràn, nítorí pé a kò lè fi ẹni tó ń kú lọ sílẹ̀ nítorí àyẹ̀wò, mo sì mọ̀ pé dókítà tó fún bàbá mi ní oògùn náà fẹ́ gbà wọ́n là ni. Síbẹ̀, bí ààyè ọjọ́ méjì péré bá wà, ẹ jẹ́ kí gígé ẹran ara ṣáájú. Ọ̀rọ̀ yìí ni ì bá wù mí kí ẹnì kan ti sọ fún mi ní oṣù Karùn-ún.

Dókítà ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n pè wá, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kéré, tó sì kọ́kọ́ lo nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú níwájú kọ̀ǹpútà kó tó wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó to gbogbo LDH bàbá mi láti oṣù Kẹta sórí bébà kan ṣoṣo: 780, 910, lẹ́yìn náà 640 ní ọ̀sẹ̀ tí sítẹ́rọ́ìdì ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà 1,460. Ó fọwọ́ tẹ ọrùn wọn, abíyá wọn, àti ìsàlẹ̀ ikùn wọn, kò sì rí kókó kankan. Màmá mi ní, “Ṣé ẹ rí i, kò sí jẹjẹrẹ.” Ó dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́ pé irú lìmfómà kan wà tí kì í so kókó rárá, nítorí pé inú òpó ẹ̀jẹ̀ gan-an ló ń gbé.

Bí ó ṣe rí nìyí. Lìmfómà ìyókù máa ń kóra jọ sí ibì kan, á wú, ọwọ́ á sì tẹ̀ ẹ́. Ti èyí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ńláńlá náà há sínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín jù lọ. Kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó lè kúrò lójú pópó ẹ̀jẹ̀ kó wọ inú ẹran, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi di ògiri mú. Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ti ṣe, wọ́n rí i pé méjì nínú irú ohun ìdìmú bẹ́ẹ̀, CD29 àti CD54, kì í sábà sí lára àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, wọ́n sì gbà pé ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n lè jáde. Wọ́n ń bí sí i níbẹ̀, wọ́n ń fún ara wọn pọ̀, títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ọ̀nà mọ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, bàbá mi ló sì fún un ní orúkọ náà nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lẹ́yìn tí ara wọn ti yá. Níbikíbi tí ọ̀nà bá ti dí nínú ọpọlọ, ibẹ̀ ni ojú àmì máa yọ. Bí ọ̀nà bá là díẹ̀, ojú àmì á rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àìsàn yìí fi lè gba àwọ̀ rọpárọsẹ̀, àwọ̀ arán, àwọ̀ wárápá, àwọ̀ ibà tí kò ní orísun. Lápá ìwọ̀ oòrùn ayé, ọpọlọ àti awọ ara ló sábà máa ń fara hàn sí. Ní Japan àti àwọn ilẹ̀ ìlà oòrùn Éṣíà, ibà, ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú tó wú, àti mùdùnmúdùn eegun tó ń jẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń bá pàdé jù.

Àwọn oníṣègùn awọ ara méjì ní Vienna, Pfleger àti Tappeiner, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1959. Wọ́n rò pé ara ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni jẹjẹrẹ náà ti ń hù jáde, orúkọ tí wọ́n sì fún un dá lórí ògiri yẹn. Ìgbà tó di àwọn ọdún 1980, tí aró tó ń lẹ̀ mọ́ irú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti délẹ̀, ni wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ògiri, àlejò tó há sáàárín ògiri ni. Ní ọdún 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé fún un ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń to àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀yìn ikú ni wọ́n ti ń rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn, nígbà tí wọ́n bá ṣàyẹ̀wò òkú. Mo ka gbólóhùn yẹn ní aago méjì òru nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo sì pa fóònù mi dé.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wa. Wọ́n lè la orí wọn láti mú ẹran díẹ̀ nínú ọpọlọ, èyí tí àwọn dókítà ọpọlọ fẹ́ràn nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí wọ́n má dán an wò; ó ní bàbá kò ní agbára rẹ̀. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ní kí a kọ́kọ́ gbìyànjú awọ ara. Àwọn oníṣègùn ní Japan ti fi hàn láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn pé bí a bá gé awọ tí kò ní àbùkù kankan lójú, ní ibi mélòó kan, tí a sì gé e jìn dé inú ọ̀rá, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sábà máa ń wà nínú òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí náà ló ń lọ sí itan. Ó tún sọ fún wa gbangba pé bí awọ bá mọ́, kò túmọ̀ sí pé àìsàn kò sí, pé a ṣì lè padà sọ́dọ̀ ọpọlọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí, nítorí pé kò ta ìrètí fún wa ju iye rẹ̀ lọ.

Wọ́n ti ya àwòrán PET gbogbo ara wọn, èyí tó ń wá ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń jẹ ṣúgà jù, kò fi nǹkan tó dájú hàn. Lára àwọn mìíràn, ó máa ń tọ́ka sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀yà ara kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín, ibẹ̀ ni wọ́n á sì lọ gé. Wọ́n dín sítẹ́rọ́ìdì wọn kù, wọ́n dá a dúró, a sì dúró fún ọjọ́ méje tó gùn ju oṣù mẹ́rin ìyókù lọ.

Gígé náà fúnra rẹ̀ kò gba wákàtí kan. Orí ibùsùn wọn ni wọ́n ti ṣe é. Dókítà awọ ara fi abẹ́rẹ́ pa ibẹ̀ kú, ó sì gé itan òsì, ikùn, àti apá òkè. Ní ikùn, ó yan ojú ibi tí ọ̀kan nínú àwọn èèhù pupa kéékèèké tó máa ń yọ lára àgbàlagbà wà, tó rí bí orí abẹ́rẹ́, nítorí pé òpó ẹ̀jẹ̀ ló kún inú irú èèhù bẹ́ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí sì fẹ́ràn láti sá sí i. Mo béèrè bóyá ó dé inú ọ̀rá. Ó gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí n lè rí i: awọ dúdú lókè, funfun láàárín, ọ̀rá pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nísàlẹ̀ bí ẹyin ẹja kéékèèké. Èmi tí mo ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìgò bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí ń kó wọn wá, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo mọ ẹni tó ni ún.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wá. Itan àti ikùn ló sọ̀rọ̀. Ti apá mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bàbá mi fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fi gíláàsì náà hàn mí, dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sì fún mi ní àga tirẹ̀. Mo kọ́kọ́ rí ọ̀rá, funfun, bí àwọ̀n tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Láàárín àwọn ojú àwọ̀n náà, òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké wà tó yẹ kó ṣófo, tàbí kí sẹ́ẹ̀lì pupa mẹ́ta mẹ́rin máa lọ nínú rẹ̀. Wọ́n kún dẹ́nu. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ tóbi, ojú inú wọn dúdú bí aró tó jiná, wọ́n fún mọ́ra wọn débi pé èmi kò rí ibi tí ọ̀kan parí sí. Ògiri òpó náà wà níbẹ̀ geere, kò ya, kò sì sí ẹyọ kan tó jáde síta. Lórí gíláàsì kejì, wọ́n ti fi aró tó ń wá CD20 kùn ún, èyí tí lìmfómà irú B máa ń ní lára, gbogbo wọn sì di àwọ̀ ilẹ̀. Nígbà náà ni mo sunkún, kì í ṣe ìbànújẹ́ lásán. Ó ti ní orúkọ.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Oògùn márùn-ún tí wọ́n ń pè ní R-CHOP ni wọ́n fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Rituximab ni èyí tó ṣáájú nínú wọn, CD20 yẹn gan-an ló sì ń dọdẹ. Kí ó tó dé, kò sábà sí ìròyìn ayọ̀ fún ẹni tó bá ní àìsàn yìí. Ìwádìí kan láti Japan ní ọdún 2008, lórí aláìsàn 106, fi hàn pé ẹni 66 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì nínú àwọn tó gba rituximab mọ́ oògùn wọn, nígbà tí àwọn tí kò gbà á jẹ́ 46. Ní ọdún 2020, àwọn dókítà ní Japan kan náà tún sọ bí ó ṣe rí fún aláìsàn 38 tí wọ́n fi oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, methotrexate, kún ìtọ́jú wọn láti dáàbò bo ọpọlọ: 92 nínú ọgọ́rùn-ún wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì. Mo fi nọ́ńbà yìí han ẹ̀gbọ́n mi, inú rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ fún un pé àwọn tí àìsàn náà ti hàn nínú ọpọlọ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ìwádìí yẹn. Tiwa le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Methotrexate tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ gan-an ni èyí tó máa ń dé inú ọpọlọ, òun náà sì ni èyí tó ba bàbá mi lẹ́rù jù, nítorí pé ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Omi ń wọ inú iṣan wọn tọ̀sán-tòru. Gbogbo ìtọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, nọ́ọ̀sì á sì ti bébà kékeré kan bọ inú rẹ̀ láti wo àwọ̀ tó yí sí. Bàbá mi máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n: aago, iye ìtọ̀, àwọ̀ bébà.

Àwọn kan ti béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni kí ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ ṣe pẹ̀lú irú ìtàn báyìí, níbi tí owó MRI kan lè gbé owó oṣù mélòó kan lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ rọpárọsẹ̀ kó máa bẹ̀rù jẹjẹrẹ. Rọpárọsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rọpárọsẹ̀ jẹ́, kíákíá ni ó sì yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń padà wá tí kò sí ìdí rẹ̀, tí ìrántí ń lọ, tí ibà àti rírù ara wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ béèrè fún LDH. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò wọ́n bíi ti àwòrán ni. Bí ó bá ga gan-an tí kò sì sí àlàyé, ẹ bá dókítà sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ béèrè bóyá gígé awọ ara tó jìn dé ọ̀rá lè wúlò, kí sítẹ́rọ́ìdì tó wọlé. Kò nílò yàrá iṣẹ́ abẹ ńlá. Bí ilé ìwòsàn náà kò bá ní aró CD20, ẹran tó ti wà nínú ìda kì í bàjẹ́. Ó lè pé ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ gíga tàbí sí òkè òkun. Ẹ gba ìda náà sọ́wọ́ bí ẹ bá ń kúrò ní ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn. Mo ti rí ìdílé tó gbé àwòrán àti ìwé gbogbo kiri, tí wọ́n sì gbàgbé ìda.

Ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi kò tíì le tán, wọn kì í sì í dá nìkan jáde. Orúkọ àwọn ènìyàn máa ń fò wọ́n lọ́kàn ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó bá ti rẹ̀ wọ́n. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ń lọ fún àyẹ̀wò, àwòrán ọpọlọ tó kẹ́yìn kò sì ní ojú àmì tuntun kankan. Wọ́n ti kún ìwé àkọ́kọ́, wọ́n ti ra òmíràn. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òjò rọ̀ láti àárọ̀, pé ọkọ̀ pẹ́ kó tó dé, pé nọ́ọ̀sì tó fa ẹ̀jẹ̀ wọn kò jẹ́ kó dùn wọ́n, àti pé LDH jẹ́ 203.